Oṣù Mẹ́fà fún Ọwọ́ Kàsímù

Mọ́ńdè, 7 Júùnù 1982. Ajah

Ohun tó ti bàjẹ́ nìyí, bí mo ṣe bá a.

Ọwọ́ ọ̀tún Kàsímù àbúrò mi kò sí mọ́. Láti ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ti gé e. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ló fà á wọlé ní kọ́mpìnnì búlọ́ọ̀kù tó wà lójú ọ̀nà Lákọwé, ní ogúnjọ́ oṣù Jánúárì. Irin tó yẹ kó bo bẹ́líìtì náà kò sí lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí kọ́mpìnnì. Kò sẹ́ni tó béèrè owó gbà-má-bínú. Kò sẹ́ni tó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà.

Àwọn tó mọ̀: Fàúsátù, ìyàwó rẹ̀. Bàbá Ràṣídì, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí. Ọ̀gá Tájù Akínsànyà, fọ́ọ̀mánù kọ́mpìnnì náà, ẹni tó bá Kàsímù wá iṣẹ́ ọ̀hún. Àáfà Sàídù. Gbogbo mọ́ṣáláṣí. Obìnrin tó ń yan ẹja ní bọ́sítọ́ọ̀pù pàápàá mọ̀, torí ó kí mi pé "ẹ kú ìrọ́jú" bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé ẹlòmíràn ló ń kí.

Ẹni tí kò mọ̀: èmi.

Lẹ́tà tí Bàbá Ràṣídì ní kí wọ́n kọ sí mi ní Kàdúná ní oṣù Fébúárì ní, "Kàsímù fara pa díẹ̀ níbi iṣẹ́, ara rẹ̀ ti ń yá." Díẹ̀. Mo fi owó oògùn ránṣẹ́, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Lónìí, Kàsímù dìde láti gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó na ọwọ́ òsì. Mo ń retí kí èkejì jáde lábẹ́ apá bùbá rẹ̀. Kò jáde.

Mi ò sunkún. Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò láti aago mẹ́rin. Òrùlé ń jò.

Túsìdé, 8 Júùnù

Mo bi Kàsímù pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

"Bàbá ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ máa wá bá àwọn èèyàn jà."

"Ó mọ̀ mí dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti rù. Apẹja ni kó tó di lébìrà, àwọ̀n rẹ̀ ṣì wà ní ìkọ́ lára ògiri, kò sì wo apá ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi jókòó.

Mo ní kí ló ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ kọ́mpìnnì.

"Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, Àǹtí. Gbogbo Jímọ̀ ni Ọ̀gá Tájù ń wá kí mi. Kò yẹ̀ rí. Ìrẹsì, mílíìkì, nígbà míì ṣúgà. Kọ́mpìnnì ló ń fi rán an."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni ìbá tún fi rán an?"

Bí ilé wa ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń wá bẹ̀ ọ́, tó ń gbé nǹkan wá, tí o sì ń gbà á, o ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ìwà àìlójútì ni. Kó bẹ̀bẹ̀ tán ná. Kò sì tíì bẹ̀bẹ̀ tán láti Jánúárì.

Tọ́sìdé, 10 Júùnù

Mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Lọ́yà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi kan júwe fún mi, Ọlákẹ́mi Odùbánjọ. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Oṣù mẹ́fà ni òfin fún un láti béèrè owó rẹ̀, láti ọjọ́ tó fara pa. Ogúnjọ́ oṣù Júláì ló parí."

"Tó bá di ọjọ́ kejì ńkọ́?"

"Ẹ óò máa wá àwáwí síwájú adájọ́. Kí lẹ ní?"

"A ò mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ."

"Ìyẹn kì í ṣe àwáwí, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Fọ́ọ̀mánù wọn ń wá bẹ àbúrò mi."

"Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Mo jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ òwò ní Yábà ni mo ti ń tọ́jú ọjà àwọn ẹlòmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé gbèsè ní ọjọ́ tó ń kú. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn náà ní tirẹ̀.

Ohun tó fẹ́: ìwé dókítà tó sọ bí ọwọ́ náà ṣe lọ àti irú iṣẹ́ tí Kàsímù kò lè ṣe mọ́. Ẹni tó rí i pé orí iṣẹ́ ló wà. Ẹni tó lè sọ pé kọ́mpìnnì gbọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀. "Tí fọ́ọ̀mánù tó ń darí rẹ̀ bá mọ̀, a lè sọ pé kọ́mpìnnì mọ̀ nìyẹn. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ó dáa kí fọ́ọ̀mánù náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́mpìnnì á ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan."

Fúráìdé, 11 Júùnù

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dé lóòótọ́. Ó wọ aṣọ funfun, ó gbé ìrẹsì nínú báàgì, agolo mílíìkì méjì lórí rẹ̀.

"Àǹtí Kàdúná, ẹ káàbọ̀ o. Wọ́n ní ẹ ti dé, mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ ti di Hausa."

"Mi ò tíì di Hausa. Ọ̀gá Tájù, ta ló ń ra ìrẹsì yìí?"

Fàúsátù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, Àǹtí."

"Ẹ jókòó. Ta ló ń rà á?"

Ó ń wo Kàsímù, ó ń wo Bàbá Ràṣídì tó wà lórí ẹní. "Ṣé ẹ rí i, mánéjà ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọdún, gbogbo ẹ̀ á yanjú."

"Ọdún wo?"

"Ìtunu Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí."

Bàbá Ràṣídì ní, "Ẹ ò rí i? Onígbàgbọ́ ni mánéjà yẹn o, síbẹ̀ ó bọ̀wọ̀ fún ààwẹ̀ wa."

Mo dìde, mo lọ wo kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí tó wà lára ògiri. Ọdún máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Júláì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí òfin bá ti ti ilẹ̀kùn. Mo bi Ọ̀gá Tájù bóyá mánéjà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn ọdún.

"Òun ni. Ó tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn."

Mo padà lọ dúró síwájú kàlẹ́ńdà náà. Fàúsátù rò pé inú ń bí mi. Kì í ṣe inú bíbí. Mo kàn ń rò ó pé ọkùnrin kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó mú kàlẹ́ńdà wa, ó sì fi ọjọ́ ayọ̀ wa ṣe àgádágodo.

Wẹ́sìdé, 16 Júùnù

Mo lọ bá mánéjà. Ó fi mí jókòó síta láti àárọ̀ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀rín ni.

"Màdámù, lóòótọ́ ni àbúrò yín ṣe iṣẹ́ ojúmọ́ níbí nígbà kan. Ọjọ́ tí ẹ ń wí yẹn, ó ti ṣíwọ́ kó tó padà lọ fọwọ́ kan ohun tí kò kàn án. Kò sì sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ náà tó wa létí."

"Ìrẹsì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo Jímọ̀ ńkọ́?"

"Ìrẹsì wo?"

Mo wojú rẹ̀. Irọ́ pọ̀ nínú ohun tó kọ́kọ́ sọ, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí, kò mọ̀ ọ́n rárá. Ìyẹn ló dà mí láàmú jù.

Bí mo ṣe ń jáde mo kọjá lára ẹ̀rọ náà. Irin ti bo bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ.

Sátidé, 19 Júùnù

Ọ̀gá mi tẹ wáyà láti Kàdúná pé kí n padà, sìmẹ́ǹtì ti wọ́n sí i, àwọn oníbàárà ń pariwo. Mi ò dáhùn.

Wẹ́sìdé, 23 Júùnù

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ sààrì, èmi àti Kàsímù gbéra lọ sí ọsibítù nítorí ìwé dókítà. Dókítà tó gé ọwọ́ náà ti rìnrìn-àjò lọ sókè òkun. Akọ̀wé ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní rárá. Ó ní dókítà míì ò lè kọ ohun tí kò rí. Mo ní Kàsímù nìyí, ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí dókítà míì wá wò ó pé kò sí. Ó ní kí n má bínú, wọ́n ti ń ṣíwọ́.

Sọ́ńdè, 27 Júùnù

Ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìṣínu. Mo sọ pé a máa pe kọ́mpìnnì lẹ́jọ́, mo sì sọ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn.

Bàbá Ràṣídì fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Sìlífátù, nínú oṣù ààwẹ̀ lo fẹ́ máa gbé ẹjọ́ kiri."

"Bàbá, òfin kì í gba ààwẹ̀."

"Máa sọ ọ́ lọ. Mo ń jẹ ìrẹsì Tájù, kí n tún wá fà á lọ sí kóòtù."

"Kọ́mpìnnì la fẹ́ pè, kì í ṣe Tájù."

"Ta ni kọ́mpìnnì? Mo mọ ojú ẹ̀ bí? Tájù ni mo mọ̀. Bàbá ẹ̀ àti èmi la jọ ń da àwọ̀n lórí ọ̀sà yìí."

Mo ní, "Ìrẹsì yẹn kò ti ọ̀dọ̀ kọ́mpìnnì wá, Bàbá. Mánéjà kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń gbé nǹkan wá."

Kàsímù dìde, ó jáde sínú òjò láìwọ bàtà.

Èmi àti Fàúsátù jọ ń fọ abọ́ lẹ́yìn náà. Ó ní, "Àǹtí, ohun kan wà tí ẹ ò tíì gbọ́." Ó ní nígbà tí wọ́n gé ọwọ́ náà tán, Ọ̀gá Tájù ló gbà á ní ọsibítù, tó fi aṣọ funfun wé e, tó gbé e wálé. Wọ́n sin ín bí a ṣe máa ń ṣe. Kò sí ìrun, Àáfà Sàídù kàn ṣe àdúà. "Ọ̀gá Tájù ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń làágùn, ó gbẹ́ ẹ jìn bíi ti odindi èèyàn."

Mo bi í níbo. Ó na ìka sí ìdí àgbọn.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, okùn tí wọ́n so mọ́ àgbọn yẹn ni mo ń sá aṣọ sí.

Tọ́sìdé, 1 Júláì

Mo bá Àáfà Sàídù ní mọ́ṣáláṣí, mo bi í bóyá ó lè sọ ohun tó rí fún lọ́yà.

"Ohun tí mo rí ni màá sọ, Alájà. Mi ò rí ẹ̀rọ o. Ọwọ́ ni mo rí."

"Mi ò tíì lọ Mẹ́kà, Àáfà."

"Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń sáré yìí, ẹ máa tó dé ibẹ̀."

Ó rántí ọjọ́ náà, nítorí ọjọ́ kejì rẹ̀ ló sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Ó rántí pé fọ́ọ̀mánù ló gbé ọwọ́ náà wá, pé aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, pé sìmẹ́ǹtì wà lára bàtà rẹ̀. Lọ́yà ní ó dára, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n Àáfà kò sí níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Tájù ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí.

Jímọ̀ tó kọjá, kò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó yẹ̀ nìyẹn láti Jánúárì.

Tọ́sìdé, 8 Júláì

Mo rí ìwé dókítà gbà. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ títí tí akọ̀wé náà fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Dókítà obìnrin kan ló yẹ Kàsímù wò fúnra rẹ̀. Ó ní kó so okùn, kó de bọ́tìnnì, kó gbé garawa omi. Kàsímù ń gbìyànjú, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo yí ojú sẹ́yìn. Dókítà náà kọ gbogbo rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Fúráìdé, 9 Júláì

Ọ̀gá Tájù padà wá. Ó ti rù ju Kàsímù lọ. Ìrẹsì náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti la ẹnu nígbà tí Kàsímù gbé ọwọ́ òsì sókè sí mi pé kí n dákẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láyé wa.

"Ọ̀gá Tájù, owó ta ni ẹ fi ń ra nǹkan wọ̀nyí?"

Ó gbé báàgì ìrẹsì náà sílẹ̀. "Owó mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mánéjà ló ní kí wọ́n yọ irin tó bo bẹ́líìtì, nítorí pé títú u àti dídè é padà ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn nígbàkígbà tí bẹ́líìtì bá já. Tájù fúnra rẹ̀ ló mú sípánà tú u. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ nílẹ̀, ó ti wà ní ọ́fíìsì mánéjà, ó ti sọ fún un. Mánéjà ní kó máa lọ kí wọn, kó máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, kí wọ́n má baà lọ sọ̀rọ̀ síta.

Mo ní, "Ó ní kí ẹ máa wá kí wọn. Kò fún yín ní kọ́bọ̀ tí ẹ máa fi ra nǹkan."

"Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa wá kí ẹni tó wà ní irú ipò yìí lọ́wọ́ òfìfo?"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ? Pé tó bá di ogúnjọ́ oṣù yìí, ó parí?"

"Ọjọ́ kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo wò ó bí ó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó fi àga sílẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀. Ó ní, "Ó ní lẹ́yìn ọdún. Ó ní kí n sọ fún yín pé lẹ́yìn ọdún ni." Ó tún un sọ títí tí Fàúsátù fi wọ inú ilé lọ.

Kàsímù ní, "Ẹ wá sọ ọ́ níwájú lọ́yà."

"Kàsímù, wọ́n á lé mi."

"Wọ́n ti lé èmi."

Ó dìde, ó kí Bàbá, ó lọ. Kò sọ pé òun á wá, kò sọ pé òun ò ní í wá.

Sátidé, 10 Júláì

Bàbá Ràṣídì ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn sààrì. Kò ní kí n jókòó.

"Ọmọ márùn-ún ni Tájù ní. Mo sì ń gba oúnjẹ wọn lọ́wọ́ ẹ̀, mo ń ní kí Allah san án fún kọ́mpìnnì." Ó gbá ìkúùkù rẹ̀ mọ́ orúnkún. "Lọ ṣe é bí o ṣe fẹ́ ṣe é. Kí o yára."

Ẹ gbọ́ o. Ó ní kí n yára.

Mọ́ńdè, 12 Júláì

Èmi àti Kàsímù dé ọ́fíìsì Lọ́yà Odùbánjọ. Ó fọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìbéèrè náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, lọ́yà kò kánjú, mo sì fi ipá mú ara mi pé kí n má kánjú. Ìwé Àáfà wà níbẹ̀, ti dókítà wà níbẹ̀. Lọ́yà ní òun lè gbé e wọlé báyìí, ṣùgbọ́n kọ́mpìnnì á ní ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, àti pé wọn kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ Tájù nìkan ló lè dí ẹnu wọn. Ó ní òun á dúró dì í títí di Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kò ní í kọjá bẹ́ẹ̀.

Tọ́sìdé, 15 Júláì

Mo lọ sílé Tájù. Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀ ní ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí Sìmbíátù, mo bá a yẹ àgbàdo wò nínú ìkòkò, mo lọ. Obìnrin yẹn kò lójú láti wò mí.

Òjò ti gé ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó sí méjì. Á yẹ kí n ti gbéra ní Sọ́ńdè kí n tó lè débẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Sátidé, 17 Júláì

Mo kọ lẹ́tà sí Tájù láàárọ̀ yìí. Mo fi lé Sìmbíátù lọ́wọ́, mo dúró títí tó fi gbé e wọ yàrá. Mo dà á kọ síbí:

Ọ̀gá Tájù,

Mo mọ̀ pé ẹ wà nílé. Mi ò kọ èyí láti bẹ̀ yín, mi ò sì kọ ọ́ láti bú yín. Ẹ ti fi owó ilé yín san ohun tí ẹlòmíràn jẹ, ó sì ti tó. Ẹbí wa kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́ láti òní lọ, àfi ohun kan ṣoṣo yìí.

Ẹ wá sí ọ́fíìsì Lọ́yà Odùbánjọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yìí, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ẹ sọ pé orí iṣẹ́ ni Kàsímù wà. Ẹ sọ ẹni tó ní kí ẹ yọ irin yẹn. Ẹ sọ pé ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún mánéjà lọ́jọ́ náà. Kí ẹ fọwọ́ sí i.

Tí aago méjìlá bá kọjá, a ó gbé ẹjọ́ náà wọlé ní Túsìdé láìsí ìwé yín, lọ́yà á sì ní kí kóòtù ránṣẹ́ pè yín. Níbẹ̀, mánéjà á jókòó níwájú yín nígbà tí ẹ bá ń dáhùn.

Kàsímù máa wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà láti aago mẹ́jọ. Ó ní òun ò ní í wọlé títí ẹ ó fi dé, tàbí títí aago méjìlá.

Sìlífátù Ọ̀ṣuntọ́lá